Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ogun, òrìṣà, ìfẹ́: Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún tó ń sọ ohun tó ń dun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà

Lẹ́yìn ìdánwò WAEC, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí ìwé ìtàn àròsọ mọ́. Wọ́n á ní ìwé tó gba àmì ẹ̀yẹ ti le jù, wọ́n á sì ní eré lásán ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tàbí ti iwin.

Àmọ́ àwọn ìwé tí àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà àti Senegal gbé jáde láti ọdún 2021 fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí èèyàn fi ń najú náà lè gbé ẹrù tó wúwo.

Márùn-ún nínú wọn rèé, pẹ̀lú ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: Lightseekers, Femi Kayode (2021)

Philip Taiwo, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé sí Èkó ni. Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀ ẹ́ pé kó wádìí ikú ọmọ òun, ọ̀kan lára mẹ́ta tí èrò lù pa.

Gbogbo ayé ló ti rí fídíò rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè ìwé náà ju ẹni tó pa wọ́n lọ: kí ló mú kí odidi ìlú dìde sí ọmọ ọlọ́mọ?

Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Aluu, nítòsí Port Harcourt, níbi tí èrò ti pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ́dún 2012, yóò mọ ibi tí ìtàn náà ti wá.

Ẹni tó ti ka Owó Ẹjẹ̀ tí Kọ́lá Akínlàdé kọ yóò gbádùn bó ṣe ń tú àṣírí díẹ̀díẹ̀. Ìparí rẹ̀ nìkan ló kún jù.

Ogun: The Road to the Country, Chigozie Obioma (2024)

Kunle, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá, wọ ilẹ̀ Biafra láti lọ wá Tunde, àbúrò rẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti di ọmọ ogun Biafra.

Ojú Igbo ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń wo ogun ọdún 1967 sí 1970. Obioma, tí wọ́n bí sí Akure, fi ojú ẹni tí kò mọ ohun tó ń jà fún wò ó, ibẹ̀ sì ni agbára ìwé náà wà.

Aríran kan tó rí ogun náà láti ọdún 1947 tún ń dá sí ìtàn náà. Ìjà tó ń tẹ̀ lé ìjà lè sú òǹkàwé láàárín ìwé, àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí kì í jẹ́ kéèyàn gbé e sílẹ̀.

Òrìṣà: Shigidi and the Brass Head of Obalufon, Wole Talabi (2023)

Nínú ìwé yìí, iléeṣẹ́ ńlá ni àwọn òrìṣà ń bá ṣiṣẹ́. Ṣìgìdì, tó máa ń fún èèyàn lọ́rùn lójú oorun, àti olólùfẹ́ rẹ̀, Nneoma, gba iṣẹ́ láti jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n gbé ní British Museum.

Ó pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ orí idẹ Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀ ní tòótọ́, lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938. Bí ẹni tó ni nǹkan bá lọ gbé e, ṣé olè ni?

Ìtàn náà ń fò síwá sẹ́yìn, ó lè da orí rú. Kì í sì í ṣe ìwé ọmọdé.

Ìfẹ́: Dream Count, Chimamanda Ngozi Adichie (2025)

Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Chiamaka, Zikora àti Omelogor láti Nàìjíríà, àti Kadiatou láti Guinea. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lówó lọ́wọ́, wọ́n sì ń ro ìfẹ́ tó já wọn kulẹ̀.

Kadiatou, òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ló gba ìwé náà lọ. Ẹ̀sùn tí òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan láti Guinea fi kan àlejò ní New York lọ́dún 2011, pé ó fipá bá òun lò pọ̀, ni Adichie ti mú ìtàn rẹ̀.

Ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ra. Àmọ́ ẹni tó bá ka ti Kadiatou kò ní tètè gbàgbé rẹ̀.

Ìwádìí nípa ìwé: La plus secrète mémoire des hommes, Mohamed Mbougar Sarr (2021)

Ìwé yìí ló sọ ọmọ Senegal náà di ẹni àkọ́kọ́ láti gúúsù aṣálẹ̀ Sahara tó gba Prix Goncourt nílẹ̀ Faransé. Ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan ní Paris ń wá T.C. Elimane, tó pòórá lẹ́yìn tí wọ́n ní ó jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀.

Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kan Yambo Ouologuem, ọmọ Mali tó gba Prix Renaudot lọ́dún 1968. Ó padà sílé, ó sì kẹ̀yìn sí ayé àwọn òǹkọ̀wé Faransé.

Òun ló le jù láti kà nínú márààrún. Ó wà lédè Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2023.

Èwo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹni tó ti pẹ́ tó ti ka ìwé lè fi ti Kayode bẹ̀rẹ̀, kó sì fi ti Sarr parí.

Kò sí ìdánwò nígbẹ̀yìn èyíkéyìí nínú wọn. Bí ọ̀kan kò bá wọ̀ yín lára, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ mú òmíràn.