Lẹ́tà tí oníkọ̀ǹpútà kò kọ ló ń padà wá bá a! Ẹ̀tàn ni fáìlì tó so mọ́ ọn

Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 26, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2004. Láti Amẹ́ríkà títí dé Yúróòpù, àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ímeèlì kan tó jọ ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà níbẹ̀ kò gùn: ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ kò dé ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé kà bó ṣe wà, nítorí náà a ti kó o sínú fáìlì tí a so mọ́ èyí. Ta ni yóò gbọ́ pé lẹ́tà òun kò dé tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀? Ẹni tó ń wá iṣẹ́ rò pé ìwé ìbéèrè òun ló sọnù, oníṣòwò rò pé ìwé owó ọjà òun ni. Kíá ni wọ́n ṣí fáìlì náà. Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Mydoom ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2000, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni kòkòrò kan tó jáde láti ìlú Manila, lórílẹ̀-èdè Philippines, fi tan àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń retí ìwé ìfẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ kí ìwé òun sọnù sọ́nà ló pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n àwọn tó ṣe Mydoom ti ju ti ẹni ìṣáájú lọ.

Bí ó ṣe ń tàn kálẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ gbọ́, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn tí kò ṣẹ ara wọn. Bí kòkòrò náà bá ti wọ kọ̀ǹpútà Lágbájá, yóò tú àwọn fáìlì tó wà níbẹ̀ wò, yóò sì ṣa gbogbo àdírẹ́sì ímeèlì tó bá bá pàdé jọ. Lẹ́yìn náà ni yóò mú orúkọ Tàmẹ̀dò, tí yóò fi ṣe ẹni tó kọ̀wé, tí yóò sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí Làkásègbè. Lágbájá tí ilé rẹ̀ ń jó, orúkọ rẹ̀ kò hàn nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí Làkásègbè bá ti pa àdírẹ́sì rẹ̀ tì, kọ̀ǹpútà tó ń gba ìwé lọ́dọ̀ tirẹ̀ yóò dá ìwé náà padà fún ẹni tó rí orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn àpò ìwé, èyí tí í ṣe Tàmẹ̀dò. Báyìí ni Tàmẹ̀dò, tó sùn sílé rẹ̀ jẹ́jẹ́, yóò ṣe jí bá ìkìlọ̀ pé lẹ́tà tí kò kọ, sí ẹni tí kò mọ̀ rí, kò dé. Ìkìlọ̀ yìí kì í ṣe ayédèrú; kọ̀ǹpútà tòótọ́ ló kọ ọ́. Lẹ́tà tó bí i ni ayédèrú.

Èyí tó tún burú ni ti àwọn ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń ṣọ́ kòkòrò nígbà náà. Bí wọ́n bá ti mú Mydoom, wọn a kọ̀wé sí Tàmẹ̀dò pé òun ló ń fi kòkòrò ránṣẹ́. Ìwà òmùgọ̀ gbáà! Ẹ̀rọ tó dá kòkòrò náà mọ̀ yẹ kó mọ̀ pé irọ́ ni orúkọ tó ń gbé kiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá jìnnà. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 1982, Jonathan Postel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ìlànà ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SMTP jáde. Ìlànà náà ní kí kọ̀ǹpútà tó mú ìwé wá sọ àdírẹ́sì ẹni tó rán an. Kò ní kó mú ẹ̀rí wá. Àwọn yunifásítì, àwọn olùwádìí àti àwọn ológun ló pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ náà nígbà yẹn, ìlú kékeré ni. Nígbà tí ìlú wá fẹ̀, tí àlejò kún un, ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Fáìlì tí wọ́n so mọ́ ìwé náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwòrán tí Windows fi ń dá ìwé kíkà lásán mọ̀ ni wọ́n fi sí i lára. Orúkọ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ bí “document.txt”, kí àlàfo gígùn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn àlàfo náà ni .exe, .scr tàbí .pif yóò wá fara sin sí, níbi tí ojú kò dé. Ìparí orúkọ yìí ló ń sọ irú ohun tí fáìlì jẹ́. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kì í ṣe ìwé tí ènìyàn ń kà, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń mú ṣẹ ni.

Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù kejì, àwọn kọ̀ǹpútà tí Mydoom ti mú lẹ́rú ya lu ojú òpó iléeṣẹ́ SCO, ní ìpínlẹ̀ Utah, títí tí kò fi ṣeé wọ̀ mọ́. SCO ti pe IBM lẹ́jọ́ lọ́dún 2003 lórí ọ̀rọ̀ Linux, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń bínú sí wọn. Wọ́n ṣèlérí 250,000 dọ́là fún ẹni tó bá tú àṣírí oníṣẹ́ ibi náà. Microsoft kéde iye kan náà lórí àbúrò Mydoom tó jáde tẹ̀ lé e. Títí di òní, kò sí ẹni tí wọ́n mú. Nínú àbúrò náà ni wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ sí ẹnì kan tó ń jẹ́ Andy, pé iṣẹ́ òun lòun ń ṣe, kò sí ìjà níbẹ̀, kó má bínú. Olè tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo! Òfin tó lè fìyà jẹ irú wọn wà. Nàìjíríà náà ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2015. Ẹni tí wọn yóò fi òfin mú ni wọn kò rí.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti ń wá kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn náà. Iléeṣẹ́ lè kéde àwọn kọ̀ǹpútà tó láṣẹ láti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, ó lè fi èdìdì tí ojú kò rí sára ìwé rẹ̀, ó sì lè ní kí wọ́n kọ èyí tí kò bá ṣe déédéé. SPF, DKIM àti DMARC ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní oṣù kejì, ọdún 2024, Google àti Yahoo sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń fi ìwé rẹpẹtẹ ránṣẹ́. Ó dín ayédèrú kù, kò pa á run. Àwọn olè òde òní kì í sábà so .exe mọ́ ìwé mọ́. Wọn a ní ìwé mẹ́fà ló há sọ́nà, kí onítọ̀hún tẹ ibì kan, kó kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù, kí àwọn lè tú u sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ tòótọ́ kì í béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ojú ìwé gan-an ló ti máa ń sọ ìdí tí lẹ́tà kò fi dé: àdírẹ́sì kò sí, tàbí àpótí ẹni náà ti kún, nọ́ńbà bíi 550 sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Kí ẹni tó bá gba irú rẹ̀ kọ́kọ́ wo àpótí ìwé tó ti fi ránṣẹ́. Bí kò bá kọ̀wé sí ẹni náà, kó pa ìkìlọ̀ náà rẹ́, láìṣí fáìlì, láìtẹ ohunkóhun, láìfèsì. Bí irú rẹ̀ bá ń rọ́ wá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kàn ń lo orúkọ rẹ̀ ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó lè ṣe ju sùúrù lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ìwé tí kò kọ nínú àpótí náà, wọ́n ti wọlé nìyẹn. Kó gba ojú òpó ímeèlì rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀, kó pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, kó sì wò ó bóyá wọ́n ti pàṣẹ pé kí ìwé rẹ̀ máa lọ sí àdírẹ́sì àjèjì.

Ẹni tó ti ṣí fáìlì náà ńkọ́? Kó yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, kó ké sí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kó ti pààrọ̀ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ti báńkì ni kó fi ṣáájú. Ní ti Tàmẹ̀dò tí wọ́n rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé náà, bí wọ́n bá fẹ́ bi í léèrè, kí wọ́n pè é lórí fóònù; kí wọ́n má fi ímeèlì bú u.