Àìwọlé kọ̀ǹpútà alágbèéká sórí Wi-Fi aláàbò

Wi-Fi aláàbò ni ìsokọ́ra aláìlókùn tí ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ìpamọ́ kí kọ̀ǹpútà tó wọlé. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fa àìwọlé.

Ọ̀rọ̀ìpamọ́. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré. Bí wọ́n bá ti yí ọ̀rọ̀ìpamọ́ padà, kọ̀ǹpútà ṣì lè máa lo ti àtijọ́. Kí a pa ìsokọ́ra náà rẹ́ nínú ìrántí rẹ̀, kí a tún un tẹ̀.

Irú ààbò. WPA2 jáde ní ọdún 2004, WPA3 ní 2018. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò mọ WPA3. A lè ṣètò ráútà kí ó gba méjèèjì.

Ọjọ́ àti aago. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, oníkálukú ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, ìsokọ́ra náà sì máa ń fi ìwé-ẹ̀rí tí ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin han kọ̀ǹpútà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òmù-Àrán bá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ tì nígbà ìsinmi, tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ sì kú, aago lè padà sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà yóò sì ka ìwé-ẹ̀rí náà sí ayédèrú. Kí a tún ọjọ́ ṣe. Kò yẹ kí a pa àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí, nítorí olè lè gbé ìsokọ́ra olórúkọ kan náà kalẹ̀ láti fi kó ọ̀rọ̀ìpamọ́ àwọn ènìyàn.