Ikú ilé ní ojú sánmà: ohun tí ojú àwọn atukọ̀ Mir rí ní ọdún 1997

Àwọn àgbà ní, bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n bóyá kò sí ibi tí ó ti hàn gbangba tó bí ó ti hàn lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ènìyàn kò ti ní aládùúgbò kankan ju àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn sinimá yóò ti rí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn atukọ̀ díẹ̀ forí lé àárín àwọn ìràwọ̀. Láìpẹ́, wọ́n rí i pé àwọn nìkan kọ́ ni wọ́n wà nínú ọkọ̀. Ẹranko abàmì kan ti bá wọn wọlé, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ó sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Fíìmù Alien, tí Ridley Scott darí ní ọdún 1979, wà lára àwọn tí ó sọ irú ìtàn yìí di olókìkí. Àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997, àwọn ènìyàn gidi bá ọ̀tá gidi pàdé nínú ilé kan tí ń yí ayé ká. Ọ̀tá náà kì í ṣe ẹranko, kò sì ti inú ìràwọ̀ kankan wá. Àwọn ènìyàn fúnra wọn ni wọ́n gbé e wọlé, nítorí pé wọn kò lè wà láàyè láìsí i.

Ilé tí a so rọ̀ sí òfuurufú

Mir ni orúkọ ilé náà. Ní èdè Rọ́ṣíà, ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí àlàáfíà, ó sì tún túmọ̀ sí ayé. Ìjọba Soviet ni ó gbé yàrá rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sókè ní oṣù kejì ọdún 1986. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń so yàrá mìíràn mọ́ ọn, títí ó fi di yàrá ńlá mẹ́fà ní ọdún 1996. Bí a bá lè na ọ̀nà Kútọnu sí Parakú sókè ṣánṣán, orí rẹ̀ yóò dé ibi tí Mir wà: nǹkan bí kìlómítà 390. Níbẹ̀ ni ó ti ń yí ayé ká ní nǹkan bí ìgbà 16 lójúmọ́ kan.

Àwọn ará ilẹ̀ Faransé mọ ilé yìí dáadáa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1996, Claudie André-Deshays, obìnrin àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Faransé tí ó dé ojú sánmà, bá Valery Korzun àti Aleksandr Kaleri, ọmọ Rọ́ṣíà méjèèjì, gun ọkọ̀ kan náà lọ síbẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì náà dúró. Wọn kò mọ ohun tí ń bọ̀ wá bá wọn.

Agolo afẹ́fẹ́ tí ó di iná

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1997, ènìyàn mẹ́fà ni ó wà nínú Mir. Korzun ni olórí, Kaleri sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Jerry Linenger, ti dé láti oṣù kìíní. Vasily Tsibliyev àti Aleksandr Lazutkin, láti Rọ́ṣíà, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Korzun àti Kaleri. Reinhold Ewald, ará Jámánì, sì bá wọn wá fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Ilé tí ènìyàn mẹ́ta sábà máa ń gbé ti di ilé ènìyàn mẹ́fà, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe kò sì tó wọn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń lo àwọn agolo kan tí kẹ́míkà wà nínú wọn. Bí a bá tan ọ̀kan, yóò rọra máa tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jáde, èyí tí ó tó kí ẹnì kan mí fún odidi ọjọ́ kan.

Lazutkin tan agolo kan ní alẹ́ ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Iná ni ó sọ jáde lára rẹ̀.

Iná inú ilé wa ń jẹ afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀. Bí a bá fi aṣọ tútù bò ó mọ́lẹ̀, yóò kú. Iná yìí kò tọrọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé inú agolo náà gan-an ni afẹ́fẹ́ ti ń tú jáde. Ó ń fẹ́ bí ẹni pé ewìrì alágbẹ̀dẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, irin yíyọ́ sì ń ta pàrà lára rẹ̀. Èéfín kún inú ilé títí wọn kò fi rí ara wọn mọ́. Lókè níbẹ̀, níbi tí ohunkóhun kò ti wúwo, èéfín kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ibi gbogbo ni ó ń lọ. Kò sì sí fèrèsé tí a lè ṣí.

Ọkọ̀ kékeré méjì wà tí wọ́n lè fi sá padà sí ayé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ènìyàn mẹ́ta. Ṣùgbọ́n iná náà dí ọ̀nà tí ó lọ sí ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá di pé kí wọ́n sá, ènìyàn mẹ́ta péré ni yóò rí ọkọ̀ wọ̀.

Wọn kò sá. Wọ́n gbé ìbòjú tí ń fúnni ní afẹ́fẹ́ wọ̀. Èyí tí Linenger kọ́kọ́ mú kò ṣiṣẹ́, ó sì ní láti wá òmíràn nínú èéfín. Wọ́n fẹ́ mú àwọn agolo ìpaná kúrò lára ògiri. Àwọn kan kò ṣeé tú, nítorí pé ìdè tí a fi dè wọ́n kí wọ́n tó gbéra kúrò ní ilé ayé ṣì wà lára wọn. Nígbà tí Korzun rí ọ̀kan gbà, ó dojú kọ iná. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tú ohun inú agolo náà jáde, agbára rẹ̀ ń tì í sẹ́yìn, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ilẹ̀ kankan. Linenger bá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin kí ó má bàa fò lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, Kaleri wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ ìwé ìlànà ìpadàbọ̀ jáde fún ọkọ̀ méjèèjì, bí ọ̀rọ̀ bá lọ di bí-ò-lọ-yàgò.

Iná náà kú níkẹyìn. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ kéde pé ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni ó fi jó. Linenger sọ lẹ́yìn náà pé ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Ẹni tí ó wà nínú èéfín àti ẹni tí ó wà nínú ọ́fíìsì kì í ka àkókò bákan náà.

Ọkọ̀ tí ó máa ń gbé oúnjẹ wá

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Korzun, Kaleri, Ewald àti Linenger ti padà sílé. Tsibliyev ti di olórí, Lazutkin wà pẹ̀lú rẹ̀, Michael Foale, ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí a ń pè ní Progress ni ó máa ń gbé oúnjẹ, omi àti epo wá fún wọn. Kò ní atukọ̀ nínú. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, àwọn aláṣẹ ní kí Tsibliyev dúró sínú Mir, kí ó máa wo ọkọ̀ náà lójú tẹlifíṣọ̀n, kí ó sì fi ọwọ́ darí rẹ̀ wọlé. Wọ́n ti gbìyànjú irú rẹ̀ ní oṣù kẹta: àwòrán kò hàn, ọkọ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, díẹ̀ ni ó kù kí ó kọlù wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n ní kí ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ náà yára ju bí ó ti yẹ lọ. Ó kọlu yàrá tí a ń pè ní Spektr, ó sì dá a lu.

Etí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ ń jáde lọ. Wọ́n ní láti ti ilẹ̀kùn Spektr, ṣùgbọ́n wáyà pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn kò lè padé. Lazutkin àti Foale ń tú wáyà, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé àwọn mìíràn. Wọ́n wá rí ọmọrí kan gbé dí ẹnu ọ̀nà náà. Afẹ́fẹ́ tí ó kù nínú ilé ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Wọ́n yè. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì iná mànàmáná wọn ń wá láti ara àwọn pátákó oòrùn tí ó wà lára Spektr. Ilé náà ń yí gbirigbiri, òkùnkùn sì bò ó. Foale na àtàǹpàkò rẹ̀ sí ojú fèrèsé, ó fi ń wọn bí àwọn ìràwọ̀ ti ń yára kọjá, kí wọ́n lè mọ bí ilé náà ti ń yí sí. Ẹ̀rọ ọkọ̀ kékeré wọn ni wọ́n fi dá a padà, títí ó fi tún kọjú sí oòrùn.

Àwọn tí ń gbé ẹ̀yìn ògiri

Ọ̀tá kẹta kò pariwo rárá. Èébu ni, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó bá bu, pẹ̀lú oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí. Ọ̀rinrin ni wọ́n ń fẹ́, ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú ilé tí ènìyàn ti ń mí, tí wọ́n sì ń làágùn láìsí àtẹ́gùn òde. Ní ọdún 1998, nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn ògiri kan, wọ́n bá ìṣù omi ńláńlá tí ó ń léfòó níbẹ̀. Ohun abẹ̀mí tíntìntín kún inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ka irú kòkòrò àti èébu tí ó ju 200 lọ nínú Mir ní gbogbo ọdún tí ó fi wà lókè. Wọ́n ń hù lára gíláàsì, wọ́n sì ń jẹ rọ́bà ara wáyà. Ara ènìyàn ni púpọ̀ nínú wọn ti bá ènìyàn dé ibẹ̀.

Ta ni kí a dá lẹ́bi?

Lẹ́yìn ìkọlù náà, Tsibliyev ni ọ̀pọ̀ ènìyàn nawọ́ ẹ̀bi sí. Ní oṣù keje, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, wọ́n sì gba iṣẹ́ àtúnṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, òun àti Lazutkin padà wálé láìsí ìlù tàbí ayọ̀. Òótọ́ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pá ìdarí wà. Ṣùgbọ́n rédà tí ì bá sọ fún un bí ọkọ̀ náà ti jìnnà tó, àwọn tí ó pàṣẹ ni wọ́n ní kí a pa á. Ó sì ti lo oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Bí a bá di gbogbo ẹ̀bi ru ẹnì kan, a kì í rí ibi tí òrùlé ti ń jò.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2001, wọ́n mú Mir wálẹ̀ sínú òkun Pàsífíìkì. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ṣe é fún. Ó lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nísinsìnyí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò lọ sí Máàsì, tí yóò gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àlọ nìkan. Lójú ọ̀nà yẹn, kò ní sí ọkọ̀ kékeré tí a lè fi sá padà sílé lọ́jọ́ kan. Bí a bá ké pe ayé, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú kí ohùn tó dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹranko inú sinimá kọ́ ni ó yẹ kí àwọn tí yóò lọ máa bẹ̀rù. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí, oúnjẹ tí a ń retí àti èémí tiwa ni ó kọjú ìjà sí àwọn ará Mir. Kò sí ẹni tí ó lè fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ lọ sí ìrìn-àjò, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tí ó lè dáná láìsí iná nínú ilé. Ohun tí a lè ṣe ni kí a máa ṣọ́ wọn, kí a tú ìdè ara agolo ìpaná kí iná tó dé, kí a sì sọ òtítọ́ lẹ́yìn tí iná bá kú. Nígbà tí iná dé, ohun tí ó gba ẹ̀mí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà là ni pé ẹnì kan dojú kọ ọ́, ẹnì kejì sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.