Ṣé Haláàlì Ni Àparò? Bí Ẹyẹ Náà Ṣe Rí àti Ibi Tó Ń Gbé

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Abúlé Ẹ̀gbá ló mọ òwe pé àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ṣùgbọ́n wọn kò rí àparò rí. Irú ẹyẹ wo ni? Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí jẹ ẹ́?

Ìbátan adìẹ ni àparò. Akọ rẹ̀ wọn nǹkan bí ìdajì kílò, abo kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti koríko gbígbẹ, orí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ìlà funfun sì wà lókè ojú rẹ̀. Akọ ní ẹ̀gún líle méjì lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn òyìnbó rí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní double-spurred francolin.

Ẹ̀gún yìí ló ń kó iyèméjì bá àwọn kan. Lóòótọ́, Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ ẹyẹ tó ń fi èékánná ṣọdẹ fún wa, bí àṣá àti àwòdì. Àparò kì í ṣọdẹ ẹran. Ẹ̀gún rẹ̀ dà bí ti àkùkọ, ìjà ló wà fún. Haláàlì ni, bí a bá bá a láàyè nínú pàkúté, tí a ṣe Bisimillaahi, tí a sì dú u. Èyí tó bá ti kú sínú pàkúté, òkú ẹran ni, ẹ má jẹ ẹ́.

Àparò kì í gbé inú igbó dúdú. Ọ̀dàn, etí oko àti ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ ló fẹ́ràn. Èso koríko, àgbàdo, ẹ̀pà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀. Láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, akọ a máa gun ibi gíga láti ké, òwe yẹn kò purọ́. Ilẹ̀ ló ń yé sí, ẹyin márùn-ún sí méje.

Láti Senegal dé Nàìjíríà, títí dé Cameroon àti Chad, ẹ óò bá a. Díẹ̀ wà ní Mọ̀rókò, aṣálẹ̀ Sahara sì là wọ́n láàárín. Ìṣọdẹ àti gígé igbó ti sọ ti Mọ̀rókò di ìwọ̀nba. Tiwa ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè yé sórí kọnkéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko, ẹ má sun gbogbo koríko etí rẹ̀, ibẹ̀ ni ìtẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ má sì pa èyí tó ń sàba.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.