Àgbàrá Òjò, Onílé àti Ilẹ̀ Tí A Gbá

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá àti ẹlẹ́nìní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo òwe yìí fún; ṣùgbọ́n ní ìlú Ìbàdàn, òwe náà kì í ṣe àfiwé rárá, ọ̀rọ̀ ojú ayé ni. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí ni ọ̀nà tí onílé fi ń gbà fún àgbàrá láìmọ̀, àti àwọn iṣẹ́ kéékèèké ojoojúmọ́ tí olúkúlùkù wa lè ṣe kí ó má baà gbà fún un mọ́.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní Ìbàdàn ni ó mọ ohun tí a ń pè ní omíyalé. Odò Ògùnpa, tí ó la àárín ìlú kọjá kí ó tó lọ dà pọ̀ mọ́ odò Ọnà, ti kún wọ ilé onílé ní ọdún 1963 àti 1978. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980, ni ìlú kò lè gbàgbé. Ilé wó, ọkọ̀ bá omi lọ, àwọn ènìyàn tí ó kú sì ju 100 lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún yalé. Afárá já káàkiri, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 tún ṣòfò, omi náà kò sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀mọ̀wé: ó wọ inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá, ó sì ba ohun púpọ̀ jẹ́ níbẹ̀.

Òjò ńlá ni ó rọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì, kò sí àní-àní nínú ìyẹn. Kò sí ẹni tí ó lè dá òjò dúró. Ṣùgbọ́n òjò ọ̀tọ̀, ọ̀nà tí omi yóò gbà lọ ọ̀tọ̀. Nípa ọ̀nà yìí ni a ní ohun kan láti sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi èdè wa wò ó. Bí a bá mú ìgbálẹ̀ tí a sì tún àgbàlá ṣe, a ní a gbá ilẹ̀. Bí a bá kó ohun tí a gbá jọ, a ní a kó ilẹ̀. Bí a bá sì lọ dà á nù, a ní a lọ da ilẹ̀. Orúkọ kan náà ni ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ àti ohun tí a gbá kúrò lórí rẹ̀ ń jẹ́. Èyí kì í ṣe nítorí àìní ọ̀rọ̀, nítorí pé èdè Yorùbá ní pàǹtí, ó ní ìdọ̀tí, ó sì ní ẹ̀gbin. Ní èrò tèmi, ohun tí ó fà á ni pé, ní ayé àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí a ń gbá jẹ́ ilẹ̀ ní tòótọ́. Èèpo iṣu ni, háhá àgbàdo ni, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ ni, eérú àdògán ni. Ìkòkò fífọ́ pàápàá, amọ̀ ni. Inú ilẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá, inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ń padà sí. Àkìtàn tí ó wà lẹ́yìn ilé kì í ṣe ibi ìparun. Níbẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ ti í máa hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n.

Ohun tí a ń gbá lónìí kì í ṣe ilẹ̀ mọ́. Ọ̀rá omi ni, láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi di ẹ̀wà àti gàárì ni, ìgò oníke ni, pẹ̀lú ike funfun fífúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu ìrẹsì. Láti inú epo rọ̀bì ni a ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ tí ń sọ ewé di ilẹ̀dú kò lè jẹ wọ́n. Bí oòrùn bá pa wọ́n títí, wọn a fọ́ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹrà. Síbẹ̀, àwa kò yí ìṣe wa padà. À ń dà wọ́n nù bí ìgbà tí ènìyàn da ilẹ̀.

Ibi tí a ń dà wọ́n sí ni ó wá burú jù. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn ará ilé kan a gbé garawa ìdọ̀tí wọn sí ìtòsí ẹnu ọ̀nà. Bí àgbàrá bá sì ti ń ṣàn, wọn a dà á sí i, wọn a ní omi yóò gbé e lọ. Omi gbé e lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé e jìnnà. Ọ̀rá kan á há mọ́ igi tàbí irin ní ẹnu ihò abẹ́ afárá. Òmíràn á dì mọ́ ọn. Iyanrìn tí àgbàrá ń kó bọ̀ á jókòó sí ẹ̀yìn wọn, koríko á hù lórí iyanrìn, ọ̀nà omi á sì di tóóró. Ìlú olókè ni Ìbàdàn, ó kún fún páànù àti sìmẹ́ǹtì, nítorí náà òjò kì í pẹ́ kí ó tó sáré dé àfonífojì. Bí ó bá dé ibẹ̀ tí ó bá ẹnu ọ̀nà ní dídí, kò ní padà sí òkè. Inú ilé àwọn tí ń gbé etí odò ni yóò yà sí.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó da garawa rẹ̀ sí àgbàrá ní òkè kọ́ ni omi ń gbé lọ. Àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀, tí owó wọn kò ká ilé ibòmíràn, ni wọ́n ń san gbèsè náà. Nínú èdè wa, ìpè kan náà ni “da ilẹ̀” tí í ṣe kíkó pàǹtí nù àti “dalẹ̀” tí í ṣe ìwà ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, èmi kò sì sọ pé ìkan bí èkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń da ilẹ̀ sí ojú àgbàrá ti mú kí àwọn méjèèjì pàdé.

Kí ni a lè ṣe? Èkíní ni pé kí a ya ohun tí ó lè jẹrà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò lè jẹrà. Garawa méjì tó fún èyí. Ohun tí ó lè jẹrà, kí a gbẹ́ kòtò fún un ní ẹ̀yìnkùlé, kí a máa bu erùpẹ̀ díẹ̀ lé e lórí, kí a sì máa rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù mélòó kan, yóò di ilẹ̀dú tí ó dára fún ẹ̀fọ́. Èyí tí kò lè jẹrà, kí a kó o pa mọ́ fún àwọn akólẹ̀. Bí ìgò oníke àti irin bá sì wà níbẹ̀, a ó rí ẹni tí yóò rà wọ́n. Kí a má ṣe dáná sun láílọ́ọ̀nù, nítorí pé èéfín rẹ̀ ní májèlé nínú.

Èkejì ni pé kí a dín ohun tí a ń gbà bọ̀ láti ọjà kù. Apẹ̀rẹ̀ àti abọ́ tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sí ọjà kì í ṣe àmì òṣì. Ewé eéran àti gbódògì tí a fi ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín àti ẹ̀kọ ṣì wà ní ọjà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de ike funfun àwọn olóúnjẹ ní oṣù kìíní ọdún 2024. Àwa kò ní láti dúró de òfin kí a tó gbé abọ́.

Ẹ̀kẹta ni gọ́tà iwájú ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kó o, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrẹ̀ náà jọ sí, òjò àkọ́kọ́ a sì wọ́ ọ padà sínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò tíì parí títí a ó fi gbé ẹrẹ̀ yẹn kúrò. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá. Bí a bá fi àyè sílẹ̀ fún koríko àti igi, ilẹ̀ á rí omi mu, àgbàrá á sì dín kù.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni èyí. Wọn kò parọ́. Ìjọba ni ó yẹ kí ó gbẹ́ odò, kí ó sì fi ọkọ̀ akólẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò. Ẹni tí kò bá rí ibi da ilẹ̀ sí, ẹ̀bi rẹ̀ kò pọ̀ tó tiwa tí a rí. Lẹ́yìn ọdún 1980, wọ́n gbẹ́ Ògùnpa, wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ọ̀nà omi fẹ̀ tó, a lè dí i. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí fi ipá mú ará ìlú gbálẹ̀ ní Àbámẹ́ta tí ó kẹ́yìn oṣù. Ní Èkó, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó fi òpin sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ìmọ́tótó tí a fi ọlọ́pàá ṣọ́ kì í kalẹ́. Èyí tí ó bá di àṣà ni í pẹ́.

Níbi yìí ni iṣẹ́ ẹ̀yin olùkọ́ wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka iye ọ̀rá tí wọ́n gbá ní ọgbà ilé ìwé ní ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ri ewé kan àti ọ̀rá kan mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n sì hú wọn wò ní ìparí ọdún. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ewé ti di ilẹ̀ tí ọ̀rá sì wà bí ó ti wà, kò tún nílò ìwàásù. Bí ó bá délé tí ìyá rẹ̀ ń gbé garawa lọ sí ojú àgbàrá, òun ni yóò wí pé, “Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á síbẹ̀.” Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù.