Kí ni wọ́n ń jẹ kí ọ̀pẹ tó so?

Àwọn àgbà tó mọ ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ kò ní í gbàgbé fáàmù sẹ́tímẹ́ǹtì tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1959. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti rí àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ní abúlé tí wọ́n ń pè ní moshav lọ́hùn-ún, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní oko tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń ra irinṣẹ́, wọ́n sì jọ ń ta irè oko.

Ìkẹ́nnẹ́ ní tirẹ̀, Òkìtìpupa náà ní. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé ni ìjọba kọ́ níṣẹ́ àgbẹ̀, tó fún wọn ní ilé àti ilẹ̀, kí wọ́n má baà máa wọ́ lọ sí ìlú ńlá. Ètò tó dára ni, àmọ́ ọ̀pẹ kì í so kó tó pé ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, rọ́bà a sì tó ọdún mẹ́fà. Owó oúnjẹ tí ìjọba ń san ni wọ́n fi ń gbẹ́mìí ró, gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Ọ̀pọ̀ ló di ẹrù, tó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sáàárín ọ̀pẹ lọ́dún kìíní ló máa ń rí nǹkan jẹ títí igi yóò fi so.