Ohun Tí A Ń Béèrè Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀

Àwọn òbí kan a máa ráhùn nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ wọn tí ó lọ sí Yunifásítì ń roko. Wọn a ní, "Ṣé ọkọ́ ni a san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún?" A kò lè bá wọn wí jù, nítorí owó náà kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, àti ìdí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọdún 5 ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kí ó tó gba oyè, ọdún kẹrin nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọdún oko. Bẹ́ẹ̀ ni ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Ìjọba dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988. A ó wọn ilẹ̀ fún un. Òun ni yóò ṣán an, tí yóò gbìn ín, tí yóò ro ó, tí yóò sì kórè. Yóò máa kọ ohun gbogbo sínú ìwé àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn èyí yóò dìde níwájú àwọn olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àpèjọ tí a ń pè ní sẹ́mínà, yóò ròyìn iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè.

Ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni àwa kà sí pàtàkì jù. Ọjọ́ tí òjò rọ̀, iye irúgbìn, owó alágbàṣe, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá gbin àgbàdo ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀wọ́ kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 75, tí kòtò kan sì jìnnà sí èkejì ní 25, ó yẹ kí hẹ́kítà 1 gba igi àgbàdo bí 53,000. Nígbà tí ó bá ka èyí tí ó hù, tí kò pé, ó di dandan kí ó wádìí: ṣé àparò ni ó hú u jẹ ni, tàbí irúgbìn ti bàjẹ́ nínú àpò? Àgbẹ̀ tí kò kà á yóò kàn wí pé ọdún náà kò dára.

A sì ń béèrè bí ilẹ̀ ti rí lẹ́yìn ìkórè. Àwọn bàbá wa a máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún púpọ̀ kí ó sinmi. Lónìí ènìyàn ti pọ̀, ilẹ̀ kò sì rí ìsinmi mọ́. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbin ẹ̀wà tẹ̀ lé àgbàdo. Bí ó bá fa ẹ̀wà tu, yóò rí àwọn kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Kí ó la ọ̀kan: bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ó ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́; bí ó bá funfun, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní Moor Plantation, Ìbàdàn, àwọn olùwádìí ti gbin irúgbìn tí a ń ro mọ́ ilẹ̀ láti fún un lágbára, agbára náà sì hàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kò gbà á púpọ̀, nítorí ó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ oúnjẹ. Ìbéèrè tí ó le jù ní sẹ́mínà nìyí: ẹni tí oko rẹ̀ kéré, tí ọmọ rẹ̀ sì pọ̀, ṣé yóò lè ṣe ohun tí ìwọ ròyìn yìí?

Àwọn ọmọ kan a máa háyà alágbàro, wọn a sì da ìwé ẹlẹ́gbẹ́ wọn kọ. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a tètè mọ̀ wọ́n, nítorí òjò a máa rọ̀ nínú ìwé wọn ní ọjọ́ tí oòrùn mú gbogbo ìlú. Àwọn wọ̀nyí ni a ó rán lọ sí abúlé lọ́la láti gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn. Bí wọ́n bá ṣì í lọ́nà, oúnjẹ ọdún kan ni ó lọ.

Òbí tí ó bá bẹ ọmọ rẹ̀ wò ní oko, kí ó ní kí ó gbé ìwé náà wá. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní oko tirẹ̀, kí ó wọn ilẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó gbìn sí ojú ewé kìn-ín-ní.